Jẹjẹrẹ nínú oyún: ìbéèrè àwọn ìyá nípa ìtọ́jú àti ọmọ inú

Agbẹ̀bí ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn aláboyún tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ẹlòmíì ń bọ̀ láti àárín ìlú, ẹlòmíì láti Ṣakẹ́tẹ́, Pobẹ̀, Kétu, àní láti Ṣábẹ̀ẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń bí láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń rí èyí tí wọ́n sọ fún pé jẹjẹrẹ wà lára rẹ̀, tí ikùn rẹ̀ sì ti yọ. Kó tó béèrè nípa ara rẹ̀ rárá, “Ọmọ mi ńkọ́?” ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo kó ìbéèrè wọn jọ síhìn-ín, mo sì dáhùn bí mo ṣe ń dáhùn lójúkojú. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání bí ẹ ti ń kà á lọ: iye ọ̀sẹ̀ tí oyún ti pé ni olórí ọ̀rọ̀. Oògùn tó lè ba ọmọ jẹ́ lóṣù kejì lè kọjá lára rẹ̀ lóṣù karùn-ún láìfi àpá sílẹ̀. Ìpinnu tó kan yín gan-an, ẹ̀yin àti dókítà tó ń wò yín lẹ jọ máa ṣe é.

Ṣé jẹjẹrẹ máa ń bá aláboyún ni? Mo rò pé àrùn àgbàlagbà ni.

Ó máa ń bá wọn. Bí a bá ka oyún 1000, bí ẹyọ kan nínú wọn ni jẹjẹrẹ máa ń bá rìn. Ti ọmú ló wọ́pọ̀ jù. Ti ọrùn ilé ọmọ wà níbẹ̀, ti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó máa ń mú kókó ọrùn àti abíyá, tí àwọn dókítà ń pè ní lymphoma.

Oyún kọ́ ló fa á. Oyún kàn máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ọmú á wú, á le, á máa dun ni. Bí kókó bá wà nínú rẹ̀, gbogbo ilé á ní wàrà ló ń kó jọ. Ẹ̀jẹ̀ á máa yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́, wọ́n á ní oyún ló fẹ́ bàjẹ́, kò ní sẹ́ni tó máa wo ọrùn ilé ọmọ. Báyìí ni oṣù á ṣe máa lọ. Kókó ọmú tí kò bá lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní kí wọ́n fi ẹkográfì wò ó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ náà ni, kò pa ọmọ lára. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, ẹ gbà fún wọn. Ìyẹn náà kò kan ọmọ.

Tí mo bá gba ìtọ́jú, ṣé ọmọ máa kú nínú mi, àbí abirùn ni màá bí?

Ẹ jẹ́ ká tò ó bí oyún ṣe ń dàgbà.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí oyún dúró, ọlẹ̀ ṣì kéré gan-an, kò tíì ní ẹ̀yà ara kankan. Bí oògùn líle bá bá a níbẹ̀, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Oyún lè wálẹ̀, tí obìnrin náà á rò pé nǹkan oṣù òun ló pẹ́ dé, tàbí kí ọlẹ̀ là á já ní pípé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbà tó léwu jù ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta títí dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ lẹ́yìn tí oyún dúró, ọkàn ń di ọkàn, apá àti ẹsẹ̀ ń yọ, ètè ń so pọ̀, ọ̀pá ẹ̀yìn ń pa dé. Iṣẹ́ ṣímíò, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, sì ni láti pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pín kíákíá. Kò mọ ti jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti ọmọ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fẹ́ fún aláboyún ní ṣímíò ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní 2013, National Toxicology Program ti ìjọba Amẹ́ríkà kó àbájáde ìwádìí púpọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àwọn ọmọ tí ṣímíò bá ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, bí 14 nínú 100 ló ní àbùkù ara tó lágbára. Àwọn tó bá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí 3 nínú 100 ni. Bí 3 nínú 100 yìí náà la sì ń rí lára àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò gba oògùn kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn yẹn kà. Mo máa ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn ọkọ, torí ìbẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́.

Tí oyún bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, ẹ̀yà ara ti dúró. Ọpọlọ, ojú, etí àti ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dàgbà, nítorí náà ewu kò tán pátápátá, ó kàn yí padà ni. Ohun tí à ń ṣọ́ nígbà náà ni pé kí ọmọ má kéré ju bó ṣe yẹ lọ, kí a má bí i láìtọ́jọ́, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má sì lọ sílẹ̀ nígbà tí a bá bí i.

Ìyá ọkọ mi ka oṣù, wọ́n ní oyún ti wọ oṣù kẹrin. Nínú kárínẹ́ mi, ìwé aláboyún, wọ́n kọ 11 SA. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Ohun tó wà nínú kárínẹ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé ẹkográfì ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. SA yẹn ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kà láti ọjọ́ àkọ́kọ́ nǹkan oṣù yín tó kẹ́yìn, ó fi bí ọ̀sẹ̀ méjì ju ọjọ́ orí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ. Màmá ń ka òṣùpá, bí wọ́n sì ti ń kà á nílé látijọ́ nìyẹn. Fún ọ̀rọ̀ ìkómọ, ó tó. Fún ṣímíò, kò tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a bá ṣì kà lè jẹ́ kí oògùn bá ọmọ nígbà tí ọkàn rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yọ.

Ẹkográfì tí wọ́n bá ṣe kí oyún tó pé 14 SA máa ń wọn ọmọ láti orí dé ìdí, kì í sì í fi ju bí ọ̀sẹ̀ kan ṣì. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọmọ kan á tóbi, èkejì á tín-ín-rín, ọjọ́ orí wọn kò ní rọrùn mọ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé owó ni, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í wá forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó di oṣù karùn-ún. Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ má fi ẹkográfì yìí ṣeré rárá.

Mi ò mọ̀ pé mo ti lóyún nígbà tí wọ́n fún mi ní ṣímíò àkọ́kọ́. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá. Bí 14 nínú 100 bá ní àbùkù, 86 kò ní. Ẹ lọ sọ fún dókítà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú orúkọ oògùn náà àti ọjọ́ tí wọ́n fà á sí yín lára dání, torí oògùn kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Bí oyún bá ti tó 20 sí 22 SA, wọ́n á ṣe ẹkográfì kan tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n á wo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkàn, ètè, ẹ̀yìn, kíndìnrín, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń gba ṣímíò tí ẹ kò sì lóyún: nǹkan oṣù lè dáwọ́ dúró nítorí oògùn, kí oyún sì ṣì dúró. Ẹ bá agbẹ̀bí sọ̀rọ̀ nípa ìfètò-sọ́mọ-bíbí kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni oògùn tí wọ́n fà sí mi lápá ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ?

Ibi ọmọ ló wà láàárín yín. Ó dà bí asẹ́: oògùn tí wóró rẹ̀ tóbi kì í lè gbà á kọjá púpọ̀, èyí tó kéré á kọjá. Wọ́n ti wọn èyí lára ọ̀bọ aláboyún pẹ̀lú àwọn oògùn ṣímíò. Doxorubicin tó dé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tó ìdá mẹ́wàá èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ti paclitaxel kò tó 2 nínú 100. Ti carboplatin ju ìdajì lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “ṣímíò ni ṣímíò”, kò mọ̀ ọ́n ni.

Àwọn oògùn wo ni kò yẹ kí wọ́n fún mi nínú oyún?

Methotrexate ni ẹni àkọ́kọ́. Òun gan-an ni wọ́n ń lò láti fi tú oyún tó dúró síta ilé ọmọ ká, nítorí náà ẹ lè mọ ohun tó lè ṣe fún ọlẹ̀. Tamoxifen, tí wọ́n ń kọ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, ó di lẹ́yìn ìbímọ. Wọ́n ti rí ọmọ tó ní àbùkù ojú àti ti ojú ara nípa rẹ̀. Trastuzumab, tí ẹlòmíì mọ̀ sí Herceptin, ibi ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń gbé ọmọ ogun ara ìyá kọjá, pàápàá láti oṣù kẹrin lọ. Ó máa ń dá kíndìnrín ọmọ lọ́wọ́ kọ́. Omi tó yí ọmọ ká á gbẹ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò sì ní lè dàgbà. Iodine onítànṣán tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ ọrùn tún wà, èyí tó lè pa ẹṣẹ́ ọrùn ọmọ run. Gbogbo wọn ló lè dúró dìgbà tí a bá bímọ.

Àwọn tó sábà máa ń ṣeé lò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni doxorubicin, epirubicin, cyclophosphamide àti àwọn ẹbí paclitaxel. Oògùn èébì wà tí kò léwu, metoclopramide àti ondansetron wà nínú wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kọ́tísọ́ọ̀nù kún un, prednisolone sàn fún ọmọ ju dexamethasone lọ, torí ibi ọmọ máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó kọjá.

Ti oògùn ìrora ńkọ́? Parasẹtamọ́ọ̀lù. Ẹ má ra ibuprofen tàbí diclofenac lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, pàápàá bí oyún bá ti wọ oṣù karùn-ún. Wọ́n ń mú kí omi ọmọ dín kù, wọ́n sì lè ti iṣan kan tó wà lẹ́bàá ọkàn rẹ̀ pa kí àkókò tó tó.

Iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Wọ́n lè ṣe é nígbàkígbà nínú oyún. Èyí tó wà láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà ló rọrùn jù, torí ewu kí oyún wálẹ̀ ti dín kù, ikùn kò sì tíì gba gbogbo àyè. Oògùn oorun tí wọ́n ń lò lónìí kì í fa àbùkù ara fún ọmọ. Bí oyún bá ti kọjá oṣù karùn-ún, wọ́n á fi nǹkan tì yín lẹ́yìn díẹ̀ kí ẹ fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí ọmọ má baà jókòó lé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá.

Wọ́n fẹ́ ya fọ́tò àyà mi, wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ṣé iná yẹn ò ní jó ọmọ?

Fọ́tò yàtọ̀ sí ìtọ́jú. Fọ́tò àyà àti fọ́tò ọmú, ìtànṣán tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú wọn kò tó nǹkan, pàápàá bí wọ́n bá bo ikùn yín. Ìwọ̀n tó ń kó ìdààmú bá àwọn dókítà ni 100 mGy (mGy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán), fọ́tò àyà kan kò sì débẹ̀ rárá, kò sún mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n máa ń yẹra fún ni sikánà ikùn àti ìbàdí. IRM, ẹ̀rọ àwòrán tó ń lo òòfà, kò ní ìtànṣán nínú, ó ṣeé ṣe, bí wọn kò bá ti fi oògùn àwòrán gadolinium sí i.

Ìtọ́jú onítànṣán ni ọ̀rọ̀ ńlá. Bí wọ́n bá darí rẹ̀ sí ìbàdí, bíi ti jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ọmọ kò lè là á já. Ti ọmú tàbí ti orí, ọmọ jìnnà sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ikùn bá ṣe ń ga ni ó ń sún mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí oyún dúró, ọpọlọ ọmọ kò fẹ́ràn ìtànṣán rárá. Orí rẹ̀ lè kéré, òye rẹ̀ sì lè dín kù. Èyí ló fà á tí wọ́n fi máa ń sún ti ọmú síwájú di ẹ̀yìn ìbímọ, tí wọ́n á fi ṣímíò gba àkókò náà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fa ṣímíò?

Ní àárọ̀, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á wọ̀n yín, a ó gbọ́ ọkàn ọmọ. Wọ́n á fún yín ní oògùn èébì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á so ọ̀rá oògùn kọ́ sókè, á máa kán. Doxorubicin pupa fòò, ó sì máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ pupa fún bí ọjọ́ kan tàbí méjì. Mo rántí obìnrin kan tó kígbe pè mí láti ilé ìtọ̀, ó di ògiri mú, ó ní ọmọ òun ti ń wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lòun ń tọ̀. Kò sẹ́ni tó ti sọ fún un pé àwọ̀ oògùn ni. Mo mú un padà sórí ibùsùn, mo fi ẹ̀rọ sí i níkùn, ọkàn ọmọ ń lù gìrìgìrì, 140 láàárín ìṣẹ́jú kan. Láàárín 110 sí 160 ló yẹ kó wà. Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìtọ̀ pupa fún gbogbo wọn kí oògùn náà tó wọlé.

Irun ìyá lè já pátápátá. Ìyẹn kì í ṣe àmì pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ. Kí ṣímíò mìíràn tó dé, ó yẹ kí wọ́n fi ẹkográfì wo bí ọmọ ṣe ń tóbi sí, bí omi rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú okùn ìwọ́ kọjá.

Ara mi gbóná lẹ́yìn ṣímíò. Ibà lásán ni àbí?

Ẹ má dúró láti mọ̀. Nílẹ̀ wa, ara gbígbóná ni ibà, a ó ra oògùn, a ó sùn, ilẹ̀ á mọ́. Ẹni tó gba ṣímíò kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn oògùn, ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń bá àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, kòkòrò tí kò tó nǹkan lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ kó sì pa ìyá àti ọmọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ara bá ti gbóná tó 38, ilé ìwòsàn ni, òru ni o, ọ̀sán ni o. Ẹ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ wà lórí ṣímíò. Kí wọ́n ṣe NFS, àyẹ̀wò tó ń ka ẹ̀jẹ̀ funfun àti pupa, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà pọ̀ mọ́ ọn. Lóòótọ́, ibà náà lè jẹ́ òun, ó sì ń pa ọmọ inú lára. Ẹ máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Oògùn tí a ń fún aláboyún láti fi dènà ibà, kí dókítà jẹjẹrẹ mọ̀ nípa rẹ̀ kí ẹ tó lò ó.

Ṣé mo lè máa mu àgbo pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹ dá a dúró títí ìtọ́jú á fi parí. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ ṣímíò, ẹ̀dọ̀ ló ń fọ́ àgbo. Bí méjèèjì bá pàdé níbẹ̀, oògùn lè pẹ́ nínú ara ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí kó má ṣiṣẹ́ tó. Bí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ. Ojú kò ní tì yín, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Kí wọ́n kúkú gbé ọmọ jáde ní oṣù keje, kí n lè ráyè tọ́jú ara mi. Ṣé kò dára bẹ́ẹ̀?

Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà níhìn-ín, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò jù. Ẹbí máa ń rò pé bí ọmọ bá ti kúrò nínú ìyá, ó ti bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ó bọ́ lọ́wọ́ oògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó bọ́ sọ́wọ́ ohun mìíràn. Ọmọ oṣù keje, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì mọ afẹ́fẹ́ fà, kò lè mú ooru ara rẹ̀ dúró, kò lè mọyàn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ọpọlọ rẹ̀. Àwọn ibùsùn tí wọ́n fi ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ nílẹ̀ wa.

Àwọn oníwádìí tí Frédéric Amant ń darí ní Leuven ní ilẹ̀ Bẹljíọ̀mù ti ń tẹ̀ lé irú àwọn ọmọ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2015, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọmọ 129 jáde tí ìyá wọn ní jẹjẹrẹ nínú oyún, 96 nínú wọn ló bá ṣímíò pàdé nínú ìyá. Wọ́n fi ọmọ 129 mìíràn tí ìyá wọn kò ní àrùn náà wéra pẹ̀lú wọn, tí wọ́n jọ lo iye ọ̀sẹ̀ kan náà nínú ìyá. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, òye àwọn méjèèjì dọ́gba, ọkàn àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta sì ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Ohun tó ya àwọn ọmọ náà sọ́tọ̀ síra wọn ni ọ̀sẹ̀ tí a bí wọn: ẹni tó bá pẹ́ nínú ìyá, òye rẹ̀ ga ju ti ẹni tó tètè jáde lọ, ìyá rẹ̀ ní jẹjẹrẹ tàbí kò ní.

Nítorí náà, bí ara ìyá bá gbà á, ṣímíò láti oṣù kẹrin, kí ọmọ sì dúró títí di 37 SA, ló sàn fún ọmọ ju kí a sá fún ṣímíò kí a sì bí i ní 30 SA. Àwọn ìgbà kan wà tí kò sí bí a ṣe lè ṣe é, kí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ gbóná sí ìyá lára lójijì, tàbí kí ọmọ má dàgbà mọ́ nínú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á gún yín ní abẹ́rẹ́ tó ń ki ẹ̀dọ̀fóró ọmọ láyà kí wọ́n tó gbé e.

Wọ́n máa ń fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ láàárín ṣímíò tó kẹ́yìn àti ìbímọ, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ lè gòkè padà. Ìdí nìyí tí wọn kì í sábà fún ni mọ́ lẹ́yìn 35 SA. Ẹ lè bí i fúnra yín, àfi bí jẹjẹrẹ bá wà lọ́rùn ilé ọmọ. Iṣẹ́ abẹ ló sàn níbẹ̀.

Ṣé ọmọ náà kò ní gọ̀ tó bá dàgbà? Ṣé ó máa lè bímọ?

Ní Mexico, Agustín Avilés àti Natividad Neri tẹ̀ lé ọmọ 84 tí ìyá wọn gba ṣímíò nínú oyún nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ti lymphoma. Wọ́n kọ ìwé nípa wọn ní 2001. Àwọn míì nínú wọn ti dàgbà kọjá ọmọ ọdún 18. Wọ́n ń lọ sílé ẹ̀kọ́ bí ẹgbẹ́ wọn, ara wọn pé, àwọn kan ti bí ọmọ tiwọn.

Síbẹ̀ kì í ṣe kí a gbàgbé wọn. Ẹbí doxorubicin lè kan ọkàn, nítorí náà ẹkográfì ọkàn dára fún ọmọ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bó ti ń dàgbà. Cisplatin, oògùn ṣímíò mìíràn, lè kan etí: bí ọmọ kò bá yíjú nígbà tí ẹ bá pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ẹ gbé e lọ. Àwọn ọmọ yìí lè kéré díẹ̀ nígbà ìbí. Nínú ìwádìí 2015 yẹn, 22 nínú 100 ló kéré fún ọ̀sẹ̀ wọn, nígbà tí 15 nínú 100 kéré láàárín àwọn tí wọ́n fi wéra pẹ̀lú wọn.

Jẹjẹrẹ yìí, ṣé ó lè ràn ọmọ?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ débi pé àwọn dókítà ń kọ ọ́ sínú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹjẹrẹ awọ ara tí wọ́n ń pè ní melanoma àti ti ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn kí ìrọbí tó mú yín pé ibi ọmọ máa lọ fún àyẹ̀wò, kí bàbá ọmọ má baà tètè gbé e lọ sin.

Ẹbí ọkọ ní kí n ṣẹ́ oyún, wọ́n ní oyún ló ń bọ́ àrùn náà.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n ti fi obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú tó pa oyún mọ́ wéra pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ́ ẹ, ṣíṣẹ́ ẹ kò mú kí ìyá pẹ́ láyé jù. Ohun tó ń ṣe ìyá léṣe ni kí ìtọ́jú pẹ́.

Àwọn ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ náà le: jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó gbóná ní oṣù kejì, tàbí ti ọrùn ilé ọmọ tó ti gbilẹ̀, tí kò lè dúró de oṣù kẹrin. Láti 2003 ni òfin Benin ti gba kí dókítà ṣẹ́ oyún bí ó bá fi ẹ̀mí ìyá sínú ewu. Ní oṣù kẹwàá 2021, àwọn aṣòfin tún fẹ òfin náà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, ó sì gbà á títí dé 12 ọ̀sẹ̀ fún obìnrin tí oyún bá kó sínú ìdààmú ńlá. Ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹnu obìnrin náà ni ìpinnu yẹn ti gbọ́dọ̀ jáde. Èmi kì í tì í síhìn-ín, mi ò sì í tì í sọ́hùn-ún. Mo kàn máa ń bẹ ẹbí kí wọ́n jáde díẹ̀ kí èmi àti òun lè sọ̀rọ̀.

Ṣé mo lè fún ọmọ lọ́mú?

Nígbà tí ṣímíò, tamoxifen tàbí trastuzumab bá wà lára yín, rárá, wọ́n ń gba inú wàrà kọjá. Bí iṣẹ́ abẹ nìkan lẹ ṣe, tí oògùn kò sí mọ́, ọmú kejì lè bọ́ ọmọ. Ẹ bi dókítà léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wàrà agolo ni, ẹ se omi rẹ̀ kó hó, kí ẹ sì má ṣe là á jù kó lè pẹ́.

Kétu ni a wà (tàbí Ṣábẹ̀ẹ́). Níbo ni ká lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn agbègbè yín, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, CHUD Ouémé-Plateau níhìn-ín tàbí CNHU ní Kútọnù. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè níbẹ̀ ni pé kí dókítà jẹjẹrẹ, dókítà aláboyún àti dókítà ọmọdé jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ti ṣe irú èyí fún ọ̀pọ̀ obìnrin lágbàáyé. Nínú obìnrin 1170 láti orílẹ̀-èdè 16 tí ẹgbẹ́ Amant kó jọ láti 1996 sí 2016, bí 88 nínú oyún 100 ló parí sí ọmọ tó wà láàyè.

Àwọn ará Kétu míì máa ń sọdá sí Nàìjíríà, sí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Èkó, nítorí ìtọ́jú onítànṣán. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú èsì àyẹ̀wò kókó dání, ẹkográfì àkọ́kọ́, àti ìwé kan tó ní orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á. Ìwé wa Faransé ni, tiwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní kí dókítà yín kọ ojú ewé kan ní Gẹ̀ẹ́sì sí i kí ẹ tó kúrò nílé.

Ṣé mo tún lè lóyún lẹ́yìn gbogbo èyí?

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lóyún lẹ́yìn rẹ̀, oyún náà kì í sì í pe jẹjẹrẹ ọmú padà. Wọ́n máa ń ní kí ẹ dúró ó kéré tán ọdún kan lẹ́yìn ṣímíò, ẹlòmíì ọdún méjì, torí ọdún méjì àkọ́kọ́ ni àrùn náà máa ń fẹ́ padà jù. Trastuzumab, oṣù méje lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn. Tamoxifen, ó kéré tán oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí dókítà bá ní kí ẹ dá a dúró. Ẹ má dá a dúró fúnra yín nítorí ọmọ.